Ẹ Bi Wá: Ẹrù Orí Òkè, Ọkọ̀ Káyáàkì àti Bàtà Òkìrìkà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lọ sí Òkè Kenya fún ọjọ́ márùn-ún. Mo gbé àpò ẹ̀yìn mi lé orí ìwọ̀n, kílò 23 ni. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, gààrí, ìkòkò, ṣòkòtò jíìnsì mẹ́ta, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti omi lítà márùn-ún. Kí n tó rìn dé òpópónà, èjìká ti ń ro mí. Kílò 70 ni èmi fúnra mi. Kí ni kí n yọ? (Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹrù ẹ̀yìn kò yẹ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹni lọ. Kílò 14 ni tiyín.

Ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Béèyàn ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó tẹ omi mọ́lẹ̀ ń fúyẹ́ sí i, omi á sì máa hó láìtíì gbóná tó bó ṣe ń gbóná nílé. Ní mítà 3,000, nǹkan bíi 90°C ló ti ń hó. Ẹ ó máa wò ó tó ń hó yaya, ẹ̀wà ò ní rọ̀, gáàsì á sì tán. Gààrí ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, gààrí Ìjẹ̀bú gan-an, torí ó gbẹ, ó kúnná, kò sì béèrè iná. Gíráàmù 100 pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, mílíìkì oníyẹ̀fun àti ṣúgà tó oúnjẹ ọ̀sán ẹnì kan. Ẹ wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké láti ilé, ọ̀rá kan fún ọ̀sán kan, kó má di pé ẹ gbé kóńgò kan lọ tí ẹ sì gbé ààbọ̀ rẹ̀ bọ̀. (Ẹnì kan ti bi wá rí bóyá òun lè gbé ewùrà lọ fi se ìkókoré. Omi ló pọ̀ jù nínú ewùrà. Ẹ jẹ́ kó dè yín nílé.)

Jíìnsì: òwú ni, òwú sì ń mu omi bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Òógùn nìkan ti tó láti rin ín, kì í sì í tètè gbẹ nínú òtútù. Á máa fa ooru ara yín lọ ni. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù tó wà nílé yín sàn jù ú fún aṣọ tó kan ara. Súwẹ́tà onírun tẹ̀lé e, kí jákẹ́ẹ̀tì òjò wá wà lókè. Ẹ má fi ọyẹ́ tiwa díwọ̀n òtútù yẹn o. Bí a bá gòkè ní mítà 1,000, ooru ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 6.5°C. Ọjọ́ tí Mombasa létí òkun bá wà ní 28°C, mítà 4,200 á sún mọ́ 1°C, a ò sì tíì sọ ti òru. Àpò ìsùn tí wọ́n kọ -5°C tàbí òtútù tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sí lára ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Omi: lítà kan, kílò kan. Ẹ gbé lítà méjì, kí ẹ máa pọn ún lọ́nà. Ó gbọ́dọ̀ hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko lókè yẹn kí ẹ tó mu ún.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ èjìká. Ìbàdí ló yẹ kó ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ di bẹ́líìtì ìbàdí, sórí egungun, kì í ṣe sórí ikùn. Lẹ́yìn náà ẹ fa ti èjìká, kí ti àyà wá kẹ́yìn. Àpò ìsùn ni kó wà nísàlẹ̀. Oúnjẹ àti ìkòkò, kí wọ́n fara ti ọ̀pá ẹ̀yìn yín láàárín. Bí wọ́n bá jìnnà sẹ́yìn, wọ́n á máa fà yín bí ọmọ tí ìyá ò pọ̀n dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó sínú ọ̀rá ńlá kan tó nípọn kó tó wọ àpò, torí ìbòrí òjò kì í dá omi tó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ọrùn wọlé dúró. Bí ẹ bá fẹ́ la odò kọjá, ẹ tú bẹ́líìtì ìbàdí àti ti àyà, kí ẹ lè bọ́ àpò dànù bí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Wọn ò gba agolo gáàsì nínú bàálù. Nairobi ni kẹ́ ẹ ti rà á.

Ìbéèrè: Orí fọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí òkè gíga, ó sì ń bì. Ó lo oògùn ibà, kò gbọ́. Kí ló ṣe é? (Ọmọ Rẹ́mọ, Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Ó jọ àìsàn òkè. Láti nǹkan bíi mítà 2,500 ló ti ń múni, torí ọ́síjìn tí a ń mí símú dín kù. Chappal Waddi ní Taraba ló ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa ò fi mọ àìsàn náà. Kì í sáábà mú ara gbóná, nítorí náà ẹ mú tẹmómítà àti ohun èlò àyẹ̀wò ibà dání, torí ibà lè bá yín gun òkè láti ilé.

Bí ẹ bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tí ẹ ó sùn lálẹ́ kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 lọ ga ju ti àná, kí ẹ sì sinmi ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀nà Sirimon ní Òkè Kenya kò jẹ́ kó rọrùn: ilé ìsùn Old Moses wà ní mítà 3,300, ti Shipton's tó tẹ̀lé e ní nǹkan bíi mítà 4,200. Ẹ sùn ní Old Moses fún òru méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó wà láàárín, ẹ gòkè díẹ̀ kí ẹ padà wá sùn. Orí fífọ́ nìkan, ẹ dúró lójú kan. Bí ẹnì kan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó, tàbí tó ń mí gúlegúle lórí ìjókòó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Ẹ béèrè jínótáìpù ara yín pẹ̀lú. Kí SS má gòkè láìrí dókítà. AS ń gun òkè, ṣùgbọ́n bí ìrora líle bá mú un lábẹ́ egungun ìhà òsì, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Àgọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé kan létí ọ̀sà ní kí n wá fi ara mi ṣe ìrànwọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní káyáàkì, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Láti kékeré ni mo ti ń wẹ̀. Ọ̀gá wọn ní bí ọkọ̀ ọmọ bá dojú dé, n ò gbọdọ̀ bẹ́ sómi. Ṣé kì í ṣe ìkà nìyẹn? (Ọmọ etí omi, Ìwópin)

Ìdáhùn: Kì í ṣe ìkà. Ẹni tí ẹ̀rù bà nínú omi ń rọ̀ mọ́ ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà, á sì tẹ̀ ẹ́ rì. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ti gbé ọmọ náà dúró ná. Bí ẹ bá bẹ́, ẹni méjì ló wà nínú omi, àwọn ọmọ tó kù ò sì lólùtọ́jú.

Ẹ pariwo sí i pé kó di ọkọ̀ mú, kó má sì ju àjẹ̀ nù. Ẹ wa ọkọ̀ yín lọ dábùú imú ọkọ̀ tirẹ̀, kí méjèèjì rí bíi lẹ́tà T. Kí ọmọ lọ di imú ọkọ̀ tiyín mú, níbi tí ojú yín ti tó o. Ẹ fa imú ọkọ̀ tó dojú dé lé orí tiyín, ní dídojúdé bẹ́ẹ̀, kí omi dà jáde; ìgbà náà ni kẹ́ ẹ tó yí i sójú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yí i sójú: omi á kún inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè gbé e. Kí ọkọ̀ méjèèjì wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di tirẹ̀ mú gírígírí, kí ọmọ fi àyà lé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, kó rá wọlé.

Kí ẹ tó kúrò létí omi, ẹ fa láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ọmọ kọ̀ọ̀kan sókè láti èjìká. Bó bá dé etí, kò dì. A ò fara mọ́ aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń bo ihò ìjókòó fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bí àgọ́ náà bá lò ó ṣáá, kí okùn iwájú rẹ̀ wà níta gbangba, torí okùn tó há sínú ni ọmọ kì í rí fà nígbà tó bá dojú dé. Àárọ̀ kùtù ló dára, kí atẹ́gùn òkun tó dé lọ́sàn-án. Ẹ kọjú sí atẹ́gùn nígbà tí ẹ bá ń lọ, kó lè tì yín bọ̀ nígbà tó bá ti rẹ àwọn ọmọ. Níbi tí ojúoró àti òṣíbàtà bá ti pọ̀, ẹ yà fún un: ó ń lọ́ mọ́ àjẹ̀, ọkọ̀ á dúró síbẹ̀. Olùtọ́jú kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì ka orí wọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ra bàtà òkè lọ́jà òkìrìkà? (Bàbá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n kí dídán awọ má tàn yín. Fọ́ọ̀mù tó wà láàárín awọ àti rọ́bà ìsàlẹ̀ máa ń jẹrà láti inú wá bó bá pẹ́ níbi ìpamọ́, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ ọ́ rí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bó bá sán tàbí tó ń yọ ìyẹ̀fun, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ nípọn wọ̀ ọ́ wò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, kí àyè sì wà níwájú ọmọ-ìka, torí ibẹ̀ ni èékánná ń gbá nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi rìn lọ rìn bọ̀ ládùúgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò bá ṣí, Ìkẹ́nnẹ́ ni kó ti ṣí.