Ṣé káńsù ò lè dá iléeṣẹ́ dúró ni?

Ìbéèrè: Bàbá Wólé-wólé, ẹ kú iṣẹ́ o. Láfún la ń ṣe ládùúgbò wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, orí àpáta la ń sá a sí. Ẹnìkan ti ra ilẹ̀ ẹ̀yìn wa, wọ́n ní ibi tí wọn yóò ti máa yọ́ irin àlòkù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. A lọ bá alága káńsù, ó ní Àbújá ló ń fúnni láṣẹ, pé ọwọ́ òun ò tó o. Ṣé irọ́ ló ń pa fún wa ni? — *Ìyá Oníláfún*

Ìdáhùn: Ìyá wa, kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, ìtẹ́ òkú àti pàǹtí kíkó wà lára ohun tó jẹ́ ti káńsù. Àṣẹ iléeṣẹ́ ńlá kò sí níbẹ̀. Ẹjọ́ tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní oṣù Keje ọdún 2024, tí gbogbo èèyàn ń pariwo, owó káńsù ló dá lé.

Ibi tó ti kàn yín ni òfin EIA (òfin àyẹ̀wò àyíká) ti ọdún 1992. Ó ní kí iléeṣẹ́ tí yóò bá máa fi irin àlòkù ṣe irin tó ju tọ́ọ̀nù 200 lọ lóòjọ́ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò dá sílẹ̀ ní àyíká, kí ìjọba àpapọ̀ sì gbọ́ tẹnu ará ìlú kó tó fọwọ́ sí i. (Bí wọ́n bá ní 190 làwọn yóò máa yọ́, ẹ bi wọ́n dáadáa.) Wọ́n máa ń gbé ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò yẹn sí sẹkitéríátì káńsù fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, kí ẹni tó bá wù lè kà á.

Èmi ni wọ́n gbé ọ̀kan fún rí. Ó nípọn ju Bíbélì lọ, òyìnbó ni látòkèdélẹ̀. Mo gbé e sórí kábínẹ́ẹ̀tì, mo fi ìwé kékeré kan tì í tí ará ìlú yóò máa kọ èrò wọn sí. Nígbà tí ọjọ́ pé, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: tèmi àti ti mẹ́séńjà wa. Ìwé ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kì í rà lágbègbè ọ̀hún ni wọ́n kéde rẹ̀ sí, èmi náà ò sì rán ẹni tó ń lu agogo lọ sọ́jà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ padà lọ bá alága. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó lé wọn. Ẹ ní kó kọ lẹ́tà tiẹ̀ lórí ìwé káńsù, torí òun ló mọ ibi tí kànga àti ilé ìwé wà. Ẹ̀yin náà, ẹ má kàn kọ “a ò fẹ́.” Ẹ ka ẹsẹ̀ láti ilẹ̀ náà dé orí àpáta yín, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ pé ìgbà ọyẹ́ lẹ ń sá láfún jù. Apá àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ wá. Bí ilẹ̀ náà bá wà níhà ibẹ̀, orí láfún ni èéfín ń bọ̀ tààrà. Kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ẹ óò mú lọ sílé.

Bí wọ́n bá sì ní ìwé àyẹ̀wò ò tíì dé, ẹ ṣáà bá mi wo orí kábínẹ́ẹ̀tì.