Èsì: Kọ̀ǹpútà tuntun tó ń kú fúnra rẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tó ń kú bó bá ti gbóná, ẹ má tú u. Ẹ gbé e padà pẹ̀lú rìsíìtì, bí wáràǹtì rẹ̀ kò bá tíì tán. Bó bá ti tán, ẹ yọ ọ́ nínú iná, ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ RAM rẹ̀ (pátákó ìrántí kékeré inú rẹ̀) wọlé títí etí méjèèjì á fi dún "kó".

Ẹ tún bèèrè bóyá kí ẹ má ra ọjà ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà mọ́. Ẹ ní sùúrù ná. Apple III, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Apple tó jáde ní 1980, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ooru ń tú àwọn chip (ẹ̀yà kékeré abánáṣiṣẹ́) inú rẹ̀ kúrò ní ààyè wọn. Apple ní kí oníbàárà gbé e sókè díẹ̀, kó sì jù ú sílẹ̀! Àmọ́ wọ́n pààrọ̀ nǹkan bí 14,000 lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilé iṣẹ́ tiyín náà bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà yín láìjiyàn, èmi ò ní ní kí ẹ kúrò lọ́dọ̀ wọn.