Ọmọ Mi Ò Fẹ́ Padà Sí Bọ́ọ̀dìn Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ló wọ JSS1 ní September, a fi í sí bọ́ọ̀dìn torí èmi àti bàbá ẹ̀ kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́. Gáàrí, Milo, mílíìkì, bísíkíìtì tí mo rà fún un, ọ̀sẹ̀ kan ò pé tó fi tán, ó láwọn síńíọ̀ ló ní káwọn yá a. Ọmọ SS2 kan máa ń jí i lóru pé kó wá fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fóun torí kò síná, tó bá tòògbé wọ́n á ní kó pick pin. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Nígbà tó wálé fún midterm, ọjọ́ tó yẹ kó padà gan-an ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, a gbé e dé ọsibítù, wọn ò rí nǹkan kan. Bàbá ẹ̀ ní kí n má bọmọ jẹ́, pé àwọn náà jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, òun ló sọ àwọn dọkùnrin. Ọmọ náà tún ń bẹ̀ mí pé kí n má lọ síléèwé, wọ́n á ní amẹ́bọ lòun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? (Ìyá ọmọ, Ìbàdàn)

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Inú tó ń run ọmọ yẹn kì í ṣe irọ́ o. Ẹ̀rù máa ń di inú rírun lára ọmọdé, ó máa ń di orí fífọ́, ọmọ tó ti ṣíwọ́ títọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tipẹ́ lè tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Dádì. Wọn ò parọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ ìyà yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n kí wọ́n dárúkọ síńíọ̀ tó fojú wọn rí màbo jù, ẹ ó rí i pé wọ́n á pè é tòun ti orúkọ bàbá ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn sí fún yín, ó dẹ̀ lè ti pé ọgbọ̀n ọdún o. Ṣé ohun tó sọni dọkùnrin ló máa ń dunni pẹ́ báyẹn? Àwọn tí kò lè fara dà á tí wọ́n sá kúrò níléèwé nígbà yẹn, wọn ò sí nínú WhatsApp old students tí wọ́n ti ń fi ìtàn yẹn rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Mi ò ní kí júníọ̀ má jíṣẹ́ o, Yorùbá ni wá, ẹni tó kéré ló ń pọnmi. Kí síńíọ̀ ní kó lọ pọn bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wá, ìyẹn ò burú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Dan Olweus, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ búlì, ìyẹn kí ọmọ máa fìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ níléèwé, ní Bergen ní Norway, ohun mẹ́ta ló ní ká máa wò ká tó pe nǹkan ní búlì: ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, ṣé léraléra ni, ṣé agbára ẹni tó ń ṣe é ju ti ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún lọ. Norway yìí náà, 1983 ni ìjọba wọn gbé ètò dìde káàkiri iléèwé wọn, lẹ́yìn tí ọmọkùnrin mẹ́ta fọwọ́ ara wọn para wọn, tí gbogbo ẹ̀ sì tọ́ka sí ìyà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń jẹ wọ́n. Ẹ wá wo ti ọmọ yín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé. Ìdí nìyẹn tí “má gbà fún wọn, san án padà” táwọn bàbá máa ń sọ ò fi lè ṣiṣẹ́ níbí, àbí kí lọmọ ọdún 11 fẹ́ fi ọmọ SS2 ṣe?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi í léèrè, ẹ má ṣe bíi ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ jọ máa ṣa ẹ̀wà tàbí kẹ́ ẹ jọ máa lọ aṣọ, kẹ́ ẹ wá bi í pé ta ló ń sùn sí bẹ́ẹ̀dì òkè, ibẹ̀ lẹnu ẹ̀ á ti là. Kẹ́ ẹ má dẹ̀ bi í nípa ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ nìkan, ẹ bi í pé àwọn wo ló wà ní yàrá lóru yẹn, ta ló rẹ́rìn-ín, ta ló yíjú sógiri bí ẹni tó ń sùn. Torí ẹni tó ń búlì, torí èrò ìwòran ló ṣe máa ń ṣe é. Ẹ rántí fídíò iléèwé kan l'Ábújá tó jáde ní April 2024, tí wọ́n ń gbá ọmọbìnrin kan létí, ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ẹnì kan wà tó rójú gbé fóònù tó ń ká a sílẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Kánádà ti gbé kámẹ́rà sí pápá ìṣeré iléèwé rí, ìwádìí yẹn jáde ní 2001, wọ́n rí i pé tí ọmọ míì bá dá sí i, ìdá 57 nínú 100 ló ń tán kí ìṣẹ́jú àáyá 10 tó pé. Ètò KiVa tí Yunifásítì Turku gbé kalẹ̀ ní Finland láti fi dẹ́kun búlì níléèwé náà, àwọn tó ń wòran ló gbájú mọ́ jù. Nítorí náà, ọmọ tí kò rẹ́rìn-ín yẹn, òun ni kí ọmọ yín máa bá rìn lọ síbi omi àti dáínìn, kó má máa dá lọ.

Gbogbo ohun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n gbà. Tí ọgbẹ́ bá wà lára ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ti amẹ́bọ tó ń bẹ̀rù yẹn, ẹ sọ fún wọn níléèwé pé ẹ̀yin lẹ wo ara ọmọ yín tẹ́ ẹ rí nǹkan, kó má jẹ́ òun ló fẹjọ́ sùn. Ẹ má lọ lọ́jọ́ visiting tí gbogbo èèyàn ń gbé kúlà kiri, ọjọ́ tó pa rọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ kọ lẹ́tà dání ní ẹ̀dà méjì, kí púrínsípà fọwọ́ sí ọ̀kan fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá ọmọ ọlọ́mọ létí ní géètì o!

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀rù táwọn tíṣà lè ṣe. Ọ̀kan ni kí wọ́n pe àwọn méjèèjì jọ, “ó ti tán, ẹ bọra yín lọ́wọ́”, bíi pé wọ́n jọ jà ni. Èkejì ni kí wọ́n na síńíọ̀ yẹn lẹ́gba lójú gbogbo èèyàn ní asẹ́ńbìlì, torí gbèsè ẹgba àárọ̀ yẹn, ara ọmọ yín ló ti máa gbà á padà lóru. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ yín sún mọ́ ọ̀dọ̀ mátírọ́ọ̀nù, kí oúnjẹ ẹ̀ máa wà nínú sítọ́ọ̀, kí ẹnì kan máa yí ká lẹ́yìn tí wọ́n bá paná, kí ọmọ SS2 má wọ yàrá JSS1 mọ́, kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn òbí síńíọ̀ yẹn náà. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé ọjọ́ wo lẹ máa padà wá gbọ́ èsì.

Tí wọ́n bá ń fi falẹ̀, ẹ rán wọn létí Child Rights Act ti 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ti sọ dòfin lọ́dọ̀ tiwọn, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ọmọ lára tàbí lọ́kàn. Tíyẹn náà ò bá mú wọn, ẹ mú ọmọ yín kúrò jàre, iléèwé ojoojúmọ́ náà ń gbé èèyàn dé yunifásítì.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọmọ tèmi ló ń búlì. Primary 5 ni. Hẹdimísíìsì pè mí pé òun ló ń kó àwọn ọmọ yòókù jọ kí wọ́n má bá ọmọ kan ṣeré, tíyẹn bá ń kọjá wọ́n á dimú. Mo nà án, ọ̀sẹ̀ kejì ó tún ṣe é. Ojú ń tì mí. (Màmá, Ìkòròdú)

ÈSÌ: Ojú tó ń tì yín yẹn dáa, ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé hẹdimísíìsì ni wọ́n máa ń bá jà. Ẹ má rò pé orí ọmọ yín ò pé o, àwọn tó ń ṣe irú eléyìí sábà máa ń gbọ́n, ẹgbẹ́ wọn máa ń fẹ́ràn wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí ọmọ kó jọ. Ẹgba nìkan ò lè mú un, ó ti kọ́ ọ pé ẹni tó lágbára ló ń borí. Ẹ fetí sílẹ̀ nínú ilé: báwo lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀, báwo lẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀? Ó lè má jẹ́ ilé ló ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lọ kí ìyá ọmọ kejì, ẹ má mú ọmọ yín dání kó wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ tipátipá. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó pe àwọn ọmọ tó kó jọ yẹn, kóun náà fẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn pé òun ò ṣe mọ́. Ìyẹn á ni ín lára ju pàṣán lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀ mà, ọmọ ọdún 13 ni mí. Wọ́n fi fọ́tò mi ṣe sítíkà nínú WhatsApp kíláàsì wa, gbogbo wọn ń fi rẹ́rìn-ín. (Ọ̀ṣogbo)

ÈSÌ: Ọmọ mi, má fèsì síbẹ̀ rárá, ìbínú ẹ ni wọ́n ń wá. Ya screenshot gbogbo ẹ̀ tòun ti orúkọ àti àkókò, fi han màmá ẹ tàbí tíṣà kíláàsì yín lónìí, àwọn ló máa bá admin sọ ọ́ kó pa á rẹ́. Lẹ́yìn tó o bá ti ya screenshot tán, kúrò nínú group yẹn. Tíṣà á wá ọ̀nà tí assignment á fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹ.