RESIDENT lórí Amiga 500: àṣẹ tó yẹ kó jókòó sínú mẹ́mọ́rì, àti èyí tí kò yẹ

Ìbéèrè yín rèé: kọ̀ǹpútà Amiga 500, mẹ́mọ́rì 1 MB, dráífù díìsìkì kan ṣoṣo, Workbench 1.3 (ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà). Ẹ ti da gbogbo C: (ibi tí àwọn àṣẹ wà) sínú RAM: (díìsìkì inú mẹ́mọ́rì), ẹ sì fi àṣẹ ASSIGN darí C: síbẹ̀, kí ẹ̀rọ yé bèèrè díìsìkì Workbench lọ́wọ́ yín. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ mẹ́mọ́rì ò tó mọ́. Ẹ pa ọ̀nà yẹn tì, RESIDENT, àṣẹ tó ń fi àṣẹ mìíràn jókòó sínú mẹ́mọ́rì, lẹ nílò.

Fáìlì tó wà nínú RAM:, fáìlì ṣì ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ Dir, AmigaDOS, ètò tó ń bójú tó fáìlì àti àṣẹ, á kà á láti ibẹ̀, á tún gbé ẹ̀dà mìíràn kalẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì kan náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà méjì nìyẹn. Tí Shell (fèrèsé tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ) méjì bá pe Dir pọ̀, ó di mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni RESIDENT máa ń gbé àṣẹ wọlé, ẹ̀dà kan yẹn sì ni gbogbo Shell ń lò.

Níbi tí wọ́n ti jọ ń lò ó gan-an ni wàhálà ti ń wá. Àṣẹ tó bá ń kọ nǹkan sínú dátà ara rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ dà bíi síléètì tí ọmọ méjì ń ṣírò lé: ẹni kejì á bá ìṣirò ẹni àkọ́kọ́ níbẹ̀, á sì rò pé tòun ni. Ohun tí bíìtì p (àmì pure lára fáìlì) wà fún nìyẹn. Ẹ tẹ LIST C: kẹ́ ẹ wò ó. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí --p-rwed, ẹni tó kọ àṣẹ náà ló jẹ́rìí sí i pé ó ṣeé pín. Tí p ò bá sí, RESIDENT ò ní gbà á, àfi tẹ́ ẹ bá fi PURE fipá mú un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá mú ohun tẹ́ ẹ ò tíì dán wò.

Nígbà míì, p kàn sọnù lójú ọ̀nà ni. Fáìlì tó bá gba orí díìsìkì MS-DOS kọjá kì í mú un dé, torí FAT, ètò fáìlì MS-DOS, ò ní àyè fún un. PROTECT C:List p ADD á dá a padà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán àṣẹ tí kò ní p wò: ẹ ti ìdènà ìkọ̀wé díìsìkì, ẹ fi PURE gbé àṣẹ náà wọlé, ẹ pè é pẹ̀lú àwọn option rẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá pè é lásán. Tó bá ṣì ń rántí option àkọ́kọ́, ẹ yọ ọ́. Tó bá yege, ẹ ṣí Shell méjì, kẹ́ ẹ pè é nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àbájáde tó dàrú tàbí Guru Meditation (ìkìlọ̀ pé ẹ̀rọ ti kú), ìdáhùn nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi SAS/C (ètò tó ń sọ èdè C di prógíráàmù) kọ ọ́, ẹ fi cres.o (kóòdù ìbẹ̀rẹ̀ prógíráàmù) link rẹ̀ dípò c.o. Yóò máa gba dátà tuntun fún ìpè kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí mo máa kọ́kọ́ fi síbẹ̀:

Resident C:Execute
Resident C:If
Resident C:Else
Resident C:EndIf
Resident C:Echo
Resident C:CD
Resident C:List
Resident C:Copy

Àwọn kéékèèké ló ń gbà yín lákòókò jù. Kì í ṣe ìtóbi ló ń fa ìdádúró, orí dráífù tó ń wá fáìlì kiri ni. Ní 1.3, fáìlì lórí díìsìkì ni If àti Echo, nítorí náà script (fáìlì tó to àṣẹ jọ) oníìlà ogún lè lọ sórí díìsìkì nígbà ogún. DiskDoctor àti Install, tí èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sórí díìsìkì.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ RESIDENT lásán, kẹ́ ẹ rí èyí tó ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, lórí ẹ̀dà díìsìkì Workbench yín, ẹ tẹ ED S:Startup-Sequence (fáìlì àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tó bá ń tàn). Ẹ ò gbọdọ̀ pa ìlà Resident CLI L:Shell-Seg SYSTEM pure add rẹ́, òun ló ń gbé Shell wọlé, CLI àtijọ́ (fèrèsé àṣẹ tó ṣáájú Shell) kì í sì í wo inú àkójọ RESIDENT rárá. Ẹ kọ tiyín sí abẹ́ rẹ̀, kí prógíráàmù ńlá kankan tó wọlé, kí mẹ́mọ́rì má baà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Esc, X, Return á tọ́jú rẹ̀. AVAIL ṣáájú àti lẹ́yìn á sọ iye tí wọ́n jẹ fún yín.

Inú àkójọ yìí ni Shell ti ń kọ́kọ́ wá àṣẹ. Tẹ́ ẹ bá fi Copy tuntun sórí díìsìkì, ti àtijọ́ ni á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí tẹ́ ẹ ó fi tẹ Resident C:Copy REPLACE. REMOVE náà kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá ṣì ń lo àṣẹ náà.

Tẹ́ ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn, gbogbo rẹ̀ á lọ. RAD: (díìsìkì mìíràn inú mẹ́mọ́rì) lè la ìyẹn já tí ẹ ò bá pa iná ẹ̀rọ, àmọ́ fáìlì ló tún wà níbẹ̀, ẹ̀dà méjì yẹn náà sì tún padà dé. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sí Workbench 2.0, ẹ yọ ìlà CD, If, Else, EndIf àti Echo kúrò: inú ROM (mẹ́mọ́rì tí kì í parẹ́) ni wọ́n wà níbẹ̀, INTERNAL lẹ ó sì rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn.