AC tó dákẹ́, gáàsì kọ́ ló ń dà á láàmú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lálẹ́ àná, nẹ́pà mú iná lọ, wọ́n tún mú un dé. Láti ìgbà náà ni AC yàrá wa kò ti tàn mọ́. Kò sí iná lójú rẹ̀, kò dún, mo tẹ rìmóòtù títí, kò dáhùn. Ẹni tó wá wò ó ní gáàsì ló tán. Ṣé ká san owó gáàsì? — Ìyá Ìbejì, Tanke, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ooru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. AC tí gáàsì rẹ̀ tán yóò ṣì tàn, fáànù inú ilé yóò ṣì máa fẹ́. Atẹ́gùn rẹ̀ ni kò ní tutù. Èyí tó dákẹ́ pátápátá, iná ni kò dé ibẹ̀, tàbí kí nǹkan ti jó nínú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń gba owó gáàsì lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan gáàsì rárá.

Ẹ kọ́kọ́ wo breaker rẹ̀, ìyẹn ohun tó máa ń gé iná fúnra rẹ̀ bí ewu bá wà. Bó bá ti já, ẹ tì í wálẹ̀ tán kí ẹ tó gbé e sókè, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá tún já, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ pe oníná: ó ṣeé ṣe kí àwọn wáyà máa kan ara wọn níbì kan.

Bí ẹ bá ní stabilizer, ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé kó tó dé AC, òun ni mo fura sí jù. Iná ilé yẹ kó wà ní nǹkan bí 230 fóltì. Lálẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá tan AC àti fíríìjì wọn, ó lè já wálẹ̀ gan-an. Stabilizer kò ní jẹ́ kí irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá sí AC, bí iná tirẹ̀ tilẹ̀ ń tàn. Ẹ wo nọ́ńbà ojú rẹ̀. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, púpọ̀ nínú àwọn stabilizer máa ń dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí wọ́n tó fi iná ránṣẹ́, kí compressor, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri nínú AC, má bàa bàjẹ́. Ẹni tí kò ní sùúrù á pa á, á tún tàn án, gbogbo ìdúró yẹn á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tàn án, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ti rìmóòtù kò le: ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ẹ tún ṣí ìderí iwájú AC, bọ́tìnì kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí AC bá tàn nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, rìmóòtù ló ní ẹ̀bi.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ó ṣeé ṣe kí iná tó dé pẹ̀lú agbára ti jó fíùsì kékeré inú bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ má tú u fúnra yín. Capacitor, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ tó wà níta, lè gbé èèyàn lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná. Ẹ pe ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́. Kó fi mítà wọn iná tó ń wọ AC níwájú yín kó tó dárúkọ owó, kó sì fi ohun tó jó hàn yín.