Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Fọ́tò Ìyá Àgbà àti Orin Tó Máa Bá A Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìyá àgbà wa máa pé ẹni 80 ọdún, họ́ọ̀lù kan ní Òkè-Fìà la ti fẹ́ ṣe é. Wọ́n ní èmi ni mo mọ fóònù tẹ̀ jù, pé kí n to fọ́tò ìyá pọ̀ kó máa yí lójú tẹlifíṣàn ńlá kí orin sì máa lọ lábẹ́ ẹ̀. Fọ́tò tí ẹbí fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti ju igba lọ, èyí tí ìyá yà nígbà tó ṣì jẹ́ omidan sì wà nínú fírẹ́mù lára ògiri. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ọmọọmọ Ìyá, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra o, ẹ̀mí ìyá á gùn sí i. Orin ni kó o kọ́kọ́ mú, kì í ṣe fọ́tò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kó gbogbo fọ́tò sínú ápù tán kí wọ́n tó wá orin kiri, orin á parí, fọ́tò á ṣì kù rẹpẹtẹ, wọ́n á wá máa sáré yí i débi pé ojú àwọn àgbà ò ní bá a mọ́. Bi ìyá léèrè orin tó máa ń kọ tó bá ń ṣiṣẹ́ ilé, ìyẹn ni kó o lò. Orin ìṣẹ́jú 4 jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 240, tó o bá fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì 5, fọ́tò 48 ló máa gbà. Orin méjì ti tó, àwọn èèyàn fẹ́ jẹun wọ́n sì fẹ́ jó. Yọ èyí tí ojú ò hàn àti èyí tó jọra wọn, àmọ́ rí i pé kò sí ọmọ ìyá kankan tí ò jáde níbẹ̀, torí ohun kékeré ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí lọ́jọ́ ìnáwó.

Ti ara ògiri yẹn ló jẹ mí lógún jù. Má yà á nínú gíláàsì, iná á máa kọ mànà lórí ẹ̀. Tú u jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì má fà á o, àwọ̀ ẹ̀ á bó, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó o sì ta aṣọ dúdú sẹ́yìn ara ẹ kó o tó yà á. Tó bá jáde, tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pa fláàṣì, gbé fóònù sí òkè ẹ̀ gan-an kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún. Google ní ápù ọ̀fẹ́ kan, PhotoScan, tó máa ń pa mànàmáná yẹn rẹ́. Yí ẹ̀yìn fọ́tò náà wò, ó lè jẹ́ pé sítáǹpù onífọ́tò àti ọdún wà níbẹ̀. Kó o wá jókòó ti ìyá, kó dárúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ dúró fún ẹ, kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà, jọ̀ọ́ má fo ibí yìí, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ wọ́n mọ́.

WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè kéré, á wá rí bàìbàì lójú tẹlifíṣàn ńlá, ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ bíi document. CapCut, ápù tí wọ́n fi ń to fídíò, á ṣe iṣẹ́ yìí, mú 16:9, ìyẹn ìwọ̀n tó fẹ̀ bí ojú tẹlifíṣàn, má sì jẹ́ kó gé gèlè ìyá lórí fọ́tò tó dúró lóòró. Jẹ́ kí fọ́tò máa yí níbi tí ìlù bá ti yí, kó o yéé da ìràwọ̀ àti òdòdó lé ojú ìyá. Gbé e jáde ní 1080p kó lè mọ́ kedere, kó o sínú flash drive, kó o lọ dán an wò nínú họ́ọ̀lù yẹn kó tó dọjọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo to fọ́tò ọdún Ọ̀ṣun pọ̀, mo fi orin kan tí mo rà sí i, ìgbà tí mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n pa ohùn ẹ̀. Kí ló dé? (Ọlá-Ìyá, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Owó tó o san, owó kó o máa gbọ́ ọ ni, àṣẹ láti fi ṣe fídíò fáyé rí ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ̀rọ ló ń mú un, ti YouTube ń jẹ́ Content ID, ó ń fi ohùn fídíò wé ti àwọn olórin. YouTube ní Audio Library tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ká sòótọ́, àwọn orin ibẹ̀ ò bá igbó Ọ̀ṣun mu rárá. Àwọn onídùndún wà ní Òṣogbo, lọ bá wọn, ṣàlàyé fún wọn, fún wọn lówó, gba ohùn ìlù wọn sórí fóònù fún ìṣẹ́jú 3, kó o kọ orúkọ wọn síparí fídíò náà. Sún mọ́ ìyáàlù dáadáa tó o bá ń gbà á, kí gúdúgúdú má baà bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀.