Kì í ṣe àwọ̀ ló ń lé oníbàárà yín: ẹ yẹ fọ́ọ̀mù yín wò

Ẹ kú ọjà o, ìyá oníàdìrẹ. Ẹ béèrè pé àwọ̀ wo ló yẹ wẹ́bsáìtì yín, àti bóyá kí fọ́tò máa yí lójú ìwé àkọ́kọ́, torí pé èèyàn ń wọ ibẹ̀ láti Èkó àti láti ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kàn sí yín ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀ ná. Fọ́ọ̀mù "Ẹ kàn sí wa" yẹn ni mo fura sí.

Bí èèyàn bá kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, tó tẹ bọ́tìnnì, tí "Ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ yín ti dé" sì jáde, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó dé ọwọ́ yín. Gbogbo ohun tí wẹ́bsáìtì mọ̀ ni pé òun ti gbé ímeèlì náà lé sáfà lọ́wọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́bsáìtì yín, tó sì ń bá a fi ímeèlì ránṣẹ́. Bó dé o, bó sọnù o, kò kàn án. Oníbàárà á máa retí èsì, ẹ̀yin náà á máa sọ pé ọjà ò tà, òun á sì gbà pé ẹ ò ka òun sí. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá wẹ́bsáìtì kì í ṣàlàyé èyí fúnni, bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti gbowó tán.

Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ ni ìlà tí wọ́n ń pè ní From, èyí tó ń sọ ẹni tó fi ímeèlì ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ni wọ́n tò kó fi àdírẹ́sì oníbàárà síbẹ̀. Oníbàárà kọ àdírẹ́sì Yahoo rẹ̀, sáfà yín wá ń fi ímeèlì ránṣẹ́ bí ẹni pé Yahoo ló ti wá. Irọ́ ni, Yahoo sì ti kìlọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n ti kéde pé ímeèlì tó bá ń jẹ́ orúkọ àwọn, tí kò sì ti ọ̀dọ̀ àwọn wá, kí wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Kì í dé inú spam pàápàá, ẹ lè wá a níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìwé tó ń sọ pé wọ́n kọ̀ ọ́ sì máa ń bọ́ sínú àpótí kan lórí sáfà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Gmail ò le tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣe wẹ́bsáìtì á fi Gmail tiẹ̀ dán an wò, á wọlé, á wá sọ fún yín pé "lọ́dọ̀ tèmi, ó ń ṣiṣẹ́". Gbólóhùn yẹn ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe rèé. Kí From jẹ́ àdírẹ́sì tó wà lórí dómèènì yín fúnra yín (orúkọ tí wẹ́bsáìtì yín ń jẹ́), kì í ṣe Gmail, kì í ṣe ti oníbàárà. Kí àdírẹ́sì oníbàárà wà ní ìlà Reply-To, kí èsì yín lè lọ bá a tí ẹ bá tẹ Reply. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí sáfà tí ọgọ́rọ̀ wẹ́bsáìtì jọ ń lò máa fi ímeèlì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń fi jìbìtì ránṣẹ́, orúkọ gbogbo yín ló bàjẹ́. Ẹ gba SMTP kọjá, ìyẹn ni pé kí fọ́ọ̀mù wọlé sínú àpótí ímeèlì yín gan-an kó tó ránṣẹ́: orúkọ àpótí ímeèlì yín, pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 587, tàbí 465 bí wọ́n bá ní ìyẹn, ni ẹ máa kọ síbẹ̀.

Ó ku SPF. Ìlà ọ̀rọ̀ kan (TXT) ni, inú DNS, ìyẹn àkọsílẹ̀ dómèènì yín, ló ń gbé, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v=spf1. Ó ń sọ àwọn sáfà tó láṣẹ láti fi orúkọ yín ránṣẹ́. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹyọ kan ṣoṣo ni dómèènì kan gbọ́dọ̀ ní. Bí ilé iṣẹ́ hosting (àwọn tó gba wẹ́bsáìtì yín sórí sáfà wọn) bá ti fi ọ̀kan síbẹ̀, tí ẹlòmíràn wá fi ti Google kún un gẹ́gẹ́ bí ìlà kejì, àwọn méjèèjì ti di asán, bí ìgbà tí kò sí rárá ni. Inú ìlà kan náà ni kí wọ́n to gbogbo include (orúkọ àwọn tí ẹ fún láṣẹ) sí. Ẹ ní kí wọ́n tan DKIM náà, èdìdì tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ dómèènì yín ni ímeèlì ti wá. Láti oṣù kejì 2024 ni Gmail ti ń béèrè pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lò ó ní SPF tàbí DKIM, ó kéré tán, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni.

Kí fọ́ọ̀mù náà máa tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí wẹ́bsáìtì. Bó bá jẹ́ Contact Form 7 (ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ọ̀mù) ni wọ́n fi ṣe é, Flamingo, tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà, ni ẹ máa fi kún un, ọ̀fẹ́ ni. Tí ímeèlì bá sọnù, orúkọ oníbàárà ò ní bá a lọ. Ẹ fi àdírẹ́sì Yahoo dán fọ́ọ̀mù náà wò fúnra yín, lóṣooṣù.

Àwọn tó kù kò le. Kí nọ́ńbà yín ṣeé tẹ̀ láti pe yín. Ti WhatsApp, wa.me/234 ni, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà yín tẹ̀ lé e láìsí òdo iwájú, láìsí àmì +, láìsí àyè láàárín. Tí òdo yẹn bá wà níbẹ̀, kò ní ṣí. Ẹ kọ owó sára ọjà, iye tí ọ̀pá márùn-ún jẹ́; "ẹ béèrè owó nínú inbox" máa ń lé èèyàn lọ ni. Ẹ má sì kọ owó náà sínú fọ́tò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, fọ́tò ni ọjà yín, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti inú fóònù jáde tààrà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Ogún irú rẹ̀ lójú ìwé kan jẹ́ ọgọ́rin mẹ́gábáìtì dátà oníbàárà. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1200, ẹ fi JPEG tàbí WebP pa á mọ́ ní ìwọ̀n dídára (quality) 75, kí ó má ju 200 KB lọ. Squoosh, wẹ́bsáìtì kan, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi filter kun aró yín. Ẹni tó bá ra búlúù tó rí lórí fóònù, tó wá gba búlúù mìíràn, á dá a padà ni.

Àwọ̀ tí ẹ béèrè: búlúù ẹlú tó dúdú dáadáa pẹ̀lú lẹ́tà funfun, ó tó. Ohun tó ń bàjẹ́ ni lẹ́tà eérú tín-ín-rín lórí funfun. Eérú tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ #999999 kò ju 2.85 sí 1 lọ ní ìyàtọ̀ sí funfun, bẹ́ẹ̀ 4.5 sí 1 ni òṣùwọ̀n fún lẹ́tà kékeré. #767676 ló kàn kọjá. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sórí àwòrán àdìrẹ, kò ní ṣeé kà. Fọ́tò tó ń yí, ẹ yọ ọ́. Àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí, òmíràn sì máa ń sáré wọlé nígbà tí ìka ti fẹ́ balẹ̀.

Ẹ wo ẹ, ọ, ṣ àti ₦ lórí fóònù mìíràn. Fọ́ǹtì tí kò bá ní wọn á gbé àpótí òfìfo jáde, tàbí lẹ́tà tí kò jọ ìyókù. Bó bá jẹ́ Google Fonts ni ẹ ti mú fọ́ǹtì yín, apá (subset) tó ń jẹ́ latin nìkan kò tó: inú latin-ext ni ṣ àti ₦ wà, inú vietnamese sì ni ẹ àti ọ wà. Noto Sans ní gbogbo wọn.

Bí hosting yín bá ní cPanel (ojú ìwé tí ẹ ti ń ṣàkóso rẹ̀), ẹ wá Track Delivery lábẹ́ Email. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àwọn ímeèlì tó ti orí sáfà náà jáde láìpẹ́ yìí wà, èyí tó dé àti èyí tí wọ́n kọ̀. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ̀, ẹ da ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ fún wa níbí, kí ẹ sì yọ àdírẹ́sì oníbàárà kúrò kí ẹ tó gbé e síta.